Ìdìbò fún Ẹni tí Kò Sí Nílé: Ohun tí Òfin Gbà, Ohun tí Kò Gbà, àti Ibi tí Ìlẹ̀kùn Lè Gbà Ṣí

Nọ́ọ̀sì kan forúkọ sílẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ ìdìbò sì bọ́ sí ọjọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Agùnbánirọ̀ kan láti Kánò ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, fi ṣe olórí ibùdó ìdìbò kan ní Ìlàjẹ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń fún àwọn ẹlòmíràn ní ìwé ìdìbò, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè tẹ̀ka. Ọmọ Àkúrẹ́ kan ń gbé ní Manchester, ó ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, ó sì fẹ́ kí ohùn òun náà wọlé nígbà tí wọ́n bá ń yan gómìnà. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè dìbò láìjẹ́ pé ó dúró níwájú àpótí lọ́jọ́ náà gan-an?

Ìbéèrè wọn jọra, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn yàtọ̀. Ohun tó ń dí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń dí ẹni tó wà ní Manchester. Ti ẹnì kan, àtúnṣe òfin ìdìbò lásán ti tó o. Ti ẹnì kejì, ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún kọ. Nítorí pé a máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń pẹ́ ní Àbújá: bí àwọn aṣòfin bá ti rí i pé ti òkè òkun le, wọ́n a pa ti abẹ́lé tó rọrùn pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n a sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìlànà tí INEC ti ń tẹ̀ lé nínú àwọn ìbò tó ṣe ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu àìpẹ́ yìí, títí kan ìbò gómìnà ti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024, kò ní àbùlà. Olùdìbò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibùdó tí orúkọ rẹ̀ wà, lọ́jọ́ tí wọ́n dá, láàárín aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ sí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago méjì ààbọ̀ tó lù yóò dì í, bó ti wù kó pẹ́ tó. Kò sí pé à ń fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, kò sí ti orí fóònù, kò sí pé à ń dì í ṣáájú ọjọ́, kò sì sí pé kí ẹ̀gbọ́n bá àbúrò dì í.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí tó gbẹ̀yìn yìí, nítorí pé ó ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Bí ẹ bá fi PVC, ìyẹn káàdì olùdìbò yín, sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kó "bá yín dì í", ìbò yín kò ní wọlé, torí ẹ̀rọ máa ń yẹ ìka àti ojú wò. Ẹni tí wọ́n bá sì ká káàdì ẹlòmíràn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìdí tó bófin mu ti ṣẹ̀ sí òfin ìdìbò. Nínú Òfin Ìdìbò ọdún 2022, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ, tàbí méjèèjì. Àwọn tó ń ra ìbò náà mọ bí wọ́n ṣe ń lo irú káàdì bẹ́ẹ̀: bí wọn kò bá tiẹ̀ lè fi dìbò, wọ́n lè fi dí ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Ẹ tọ́jú káàdì yín sọ́dọ̀ yín.

Ohun tó so olùdìbò mọ́ ibùdó kan ṣoṣo

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin nìkan ló ń dí wa lọ́wọ́, pé bí wọ́n bá ti lè yí i padà lónìí, ọ̀la ni a ó máa dìbò níbikíbi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀, bébà sì ní tirẹ̀.

Ẹ̀rọ BVAS, èyí tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, kì í gbé orúkọ gbogbo Nàìjíríà. Orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ibùdó kan ni INEC máa ń kó sínú ẹ̀rọ tó ń lọ sí ibùdó yẹn. Èyí ló jẹ́ kó lè yẹ èèyàn wò ní etíkun Ìlàjẹ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti dúró. Òun náà ló fà á tí nọ́ọ̀sì wa fi lè mú PVC tó dáa dé ibùdó tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀, kí ẹ̀rọ má sì mọ̀ ọ́n rí.

Ti bébà tún wà ńbẹ̀. Ká ní wọ́n gbà kí nọ́ọ̀sì náà dìbò ní Ọ̀wọ̀. Ìwé ìdìbò fún ààrẹ kò yàtọ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, ti gómìnà kò sì yàtọ̀ jákèjádò ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìgbàrà-Òkè wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ̀dọ̀rẹ̀, tó wà lábẹ́ ẹkùn Aṣòfin Àgbà ti Àárín Gbùngbùn Oǹdó. Ọ̀wọ̀ wà lábẹ́ ti Àríwá. Fún ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, Ìdànrè ni Ifẹ̀dọ̀rẹ̀ bá pín ìjókòó kan, Ọ̀sẹ́ sì ni Ọ̀wọ̀ bá pín tirẹ̀. Àwọn olùdíje kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ìjókòó 3 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, 9 ní ti aṣojú-ṣòfin, àti 26 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ibùdó tó bá fẹ́ gba àlejò olùdìbò gbọ́dọ̀ ní gbogbo irú ìwé wọ̀nyẹn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tó fi bọ́gbọ́n mu, lójú wa, kí irú ètò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbò ààrẹ àti ti gómìnà, kí ìyókù tẹ̀ lé e nígbà tí ọwọ́ bá mọ́.

Lórí gbogbo rẹ̀, òfin sọ pé bí ìbò tó wà nínú àpótí bá ju iye ènìyàn tí ẹ̀rọ yẹ̀ wò ní ibùdó kan lọ, kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó náà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìbò àwọn tí kò sí nílé wá dà sínú àpótí ibùdó wọn láìkọ ọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ìbò mẹ́ta tó gbé wá lè ba 400 tó wà ńbẹ̀ jẹ́. Ìwé èsì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló gbọ́dọ̀ ní.

Ohun tí ẹ lè ṣe nísinsìnyí: ẹ gbé orúkọ yín

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tó sì mọ̀ pé òun kò ní sí níbi tí òun ti forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, ọ̀nà kan wà fún un. Kó gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí ibi tó ń gbé báyìí. INEC kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Àkókò nìkan ló ń gbà, àkókò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì fi ń ṣeré.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022, tí wọ́n lò fún ìbò gómìnà 2024, ní kí ìwé ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ INEC, ó kéré tán, ọjọ́ 90 kí ìbò tó wáyé. Ẹ fi ìbò gómìnà Oǹdó ti 2024 ṣe ìṣirò: ìbò bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, ọjọ́ 90 ṣáájú rẹ̀ sì ni ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì ronú kan ìbò rárá, ìgbà tí pósítà bá kún ojú ọ̀nà ni wọ́n ń rántí. INEC a sì máa kéde ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí fún ìbò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá kéde yẹn ni kí ẹ dì mú, ẹ má dúró de ìgbà tó kù ọ̀la.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní cvr.inecnigeria.org, tàbí kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń gbé. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ni Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní. Ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ wà ní Alágbàkà, ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí ará Ìkàrẹ́ tàbí Òkìtìpupa rìn débẹ̀ fún èyí. Ẹ mú PVC yín àti ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùdìbò, wà lójú káàdì náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 19 ni lápapọ̀. Ẹ ó kọ ibùdó tí ẹ wà tẹ́lẹ̀, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, wọ́ọ̀dù àti ibùdó tí ẹ ń lọ, pẹ̀lú ìdí tí ẹ fi ń kúrò. Ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ kọmíṣọ́nnà INEC ní ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé báyìí, kì í ṣe èyí tí ẹ ń fi sílẹ̀. Ẹni tó kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Àkúrẹ́ kò ní ohunkóhun ṣe ní Ìbàdàn mọ́.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ kò pọ̀, àwọn kan náà ni nígbà gbogbo. Èyí tó burú jù ni kí ènìyàn lọ forúkọ sílẹ̀ tuntun dípò kó gbé èyí tó ní. Ó rò pé ó yára jù. INEC ní ẹ̀rọ tó ń fi ìka àti ojú wé ara wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ìbò 2023 wò, orúkọ 2,780,756 ni wọ́n yọ, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sì wà lára wọn. Yàtọ̀ sí pé ẹ kò ní rí káàdì gbà, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Èkejì ni pé wọ́n yan ibùdó tí orúkọ rẹ̀ jọ èyí tó wà nítòsí wọn. Ibùdó tó ń jẹ́ "iwájú ilé ọba" tàbí "ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀" pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ibùdó 3,933 wà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ, nọ́ńbà ibùdó ni kí ẹ wò. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni nọ́ńbà náà ní: èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, 28 sì ni ti Oǹdó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ìjọba ìbílẹ̀, ti wọ́ọ̀dù, àti ti ibùdó gan-an. Ẹ lọ sí ibi tí ẹ fẹ́ máa dìbò, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dìbò níbẹ̀, ó wà lójú PVC tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, káàdì tuntun yóò jáde, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó sì lọ gbà á. INEC kì í fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ káàdì ló máa ń jókòó sí ọ́fíìsì lẹ́yìn tí ẹni tó ni wọ́n ti ṣe gbogbo wàhálà yòókù. Nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ìwé orúkọ olùdìbò síta fún ìyẹ̀wò, ẹ lọ wo orúkọ yín níbẹ̀. Àsìkò tí wọ́n ṣì lè ṣàtúnṣe àṣìṣe nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣòro tiwọn, a sì fẹ́ kí àwọn tó wà ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, àti ní yunifásítì Àkùngbá fetí sí i dáadáa. Ní 2023, NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, pàṣẹ pé kí àwọn yunifásítì ti ilé ìwé láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta nítorí ìdìbò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ìtòsí ilé ìwé lọ sílé, ìbò rẹ̀ sì kù sí ìtòsí ilé ìwé. Ẹni tó ti gbé orúkọ wá gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò sùn ní ìlú náà bí wọ́n bá ti ilé ìwé. Bí kò bá ní, ó sàn kó fi orúkọ náà sílẹ̀ nílé òbí rẹ̀. Agùnbánirọ̀ náà gbọ́dọ̀ ronú bẹ́ẹ̀: bó bá gbé orúkọ wá sí ibi tó ti ń sìn, yóò tún gbé e lọ lẹ́yìn ọdún kan.

Àǹfààní yìí kò mọ sórí ẹni tó kó kúrò ní ìpínlẹ̀. Ní 2021, INEC mú ibùdó ìdìbò gbòòrò láti 119,973 dé 176,846 jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ó ṣeé ṣe kí ibùdó tuntun kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà yín nígbà tí orúkọ ìyá àgbà ilé yín ṣì wà ní èyí tó jìn. Lọ́jọ́ ìdìbò, wọ́n máa ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ kò sì ní lè fi ọkọ̀ gbé e lọ. Ẹ gbé orúkọ rẹ̀ wá sítòsí kí àkókò tó kọjá. Bó bá dé ibùdó, òfin gbà kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa tàbí aláàbọ̀ ara mú ẹni tó yàn fúnra rẹ̀ dání láti ràn án lọ́wọ́.

Àwọn tí iṣẹ́ ìlú dè mọ́lẹ̀

Gbígbé orúkọ kò yanjú ti ẹni tí wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdìbò. Ẹ wo iye wọn. Òṣìṣẹ́ INEC mẹ́rin ló máa ń wà ní ibùdó kan, olórí kan àti igbákejì mẹ́ta. Ní ibùdó 3,933, èyí já sí 15,732 ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìkan, kí a tó ka ọlọ́pàá, sífú dìfẹ́ńsì, àwọn akọ̀ròyìn, dókítà, nọ́ọ̀sì, àwọn panápaná, àti àwọn tó ń kó ẹrù INEC nínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlàjẹ. Lọ́dún 2024, orúkọ 2,053,061 ló wà nínú ìwé olùdìbò Oǹdó, ìbò tí ẹgbẹ́ méjì tó ṣíwájú rí sì jẹ́ 366,781 àti 117,845. Àpapọ̀ wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ìdí tí àwọn èèyàn fi jókòó sílé pọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jáde tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá dúró kò yẹ kó wà nínú wọn.

Nínú ìjábọ̀ INEC lórí ìbò 2023, àbá 142 ló wà. Ọ̀kan lára wọn ni pé kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pàtàkì lọ́jọ́ ìdìbò láyè láti dì í ṣáájú. Ohun tó yẹ kí aráàlú mọ̀ ni pé àbá yìí kò fọwọ́ kan ìwé òfin ilẹ̀. Àtúnṣe òfin ìdìbò ní Àbújá, pẹ̀lú ìbuwọ́lù ààrẹ, ti tó.

Gánà ti ń ṣe é. Ní 2024, àwọn ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìdìbò àti akọ̀ròyìn wọn dìbò ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá, gbogbo ìlú sì dì í ní ọjọ́ 7. Wọ́n tilẹ̀kùn àpótí pa títí di ọjọ́ ìdìbò gbogbogbòò kí wọ́n tó kà á. Ní South Africa, ìbò gbogbogbòò bọ́ sí ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn tó béèrè fún ìbò àkànṣe sì ti dì í ní ọjọ́ 27 àti 28. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìdìbò máa ń lọ bá aláìsàn tàbí aláàbọ̀ ara nílé. Íńdíà náà lọ bá àwọn tó ti pé ọdún 85 nílé nínú ìbò gbogbogbòò 2024.

Bí a bá fẹ́ ṣe é ní Oǹdó, báyìí ni yóò ṣe rí. Ẹni tó yẹ yóò béèrè ṣáájú, ibi iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì jẹ́rìí pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. INEC yóò sàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú BVAS ibùdó rẹ̀ kó má baà dì í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbọ́, ìgbésẹ̀ yìí ló gba ìṣọ́ra jù, torí bí wọ́n bá gbàgbé àmì náà, àwọn alátakò yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọn yóò kó orúkọ wọn sínú BVAS kan tó wà ní ọ́fíìsì INEC ìjọba ìbílẹ̀. Wọn yóò dì í, wọn yóò fi ìwé náà sínú àpò bébà tí kò ní orúkọ, àpò yẹn yóò sì wọ inú òmíràn tí orúkọ àti nọ́ńbà ibùdó wà lójú rẹ̀. Àpò òde ni ẹ̀rí pé ẹni náà lẹ́tọ̀ọ́, ti inú ló ń pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ìdìbò, níwájú aṣojú àwọn ẹgbẹ́, wọn yóò yọ ti òde kúrò, wọn yóò da ti inú pọ̀, wọn yóò kà á, wọn yóò sì kọ èsì sórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Kí wọ́n má kà á ní wọ́ọ̀dù, ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ó ti wáyé. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá méjì péré ló ti wọ́ọ̀dù kan wá, gbogbo ayé ti mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún. A kò sì fẹ́ kí ibi ìdìbò wà nínú bárékè. Ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò ní láti sọ̀rọ̀ kí ọmọ abẹ́ rẹ̀ tó mọ ohun tó ń fẹ́.

Gánà fúnra rẹ̀ kò rìn ín láìkọsẹ̀. Ṣáájú ìbò àkànṣe ti 2024, ìwé ìdìbò tú síta ní àwọn ibì kan ní Western Region àti Eastern Region, wọ́n sì sún ti ibẹ̀ sí ọjọ́ 5. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló gbà wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ló wà láàárín ìbò àkànṣe àti ti gbogbogbòò, wọn ì bá tí rí àyè.

Àwọn tí ogun lé kúrò nílé nìkan ni òfin wa ti ṣe ààyè fún. Ó ní kí INEC sa gbogbo ipá rẹ̀ kí wọ́n lè dìbò, àwọn tó wà ní ibùdó ààbò ní Borno, Adamawa àti Yobe sì dì í ní 2015. Nítorí náà, kì í ṣe pé INEC kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìdìbò lọ bá ènìyàn.

Lókè òkun

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní apá 77 àti 117, sọ pé ẹni tó lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ni ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18 tó sì ń gbé ní Nàìjíríà nígbà ìforúkọsílẹ̀. Gbólóhùn "tó ń gbé ní Nàìjíríà" yẹn ni ìlẹ̀kùn. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ kó tó rìnrìn àjò ṣì wà nínú ìwé olùdìbò, bó bá sì wálé lọ́jọ́ ìdìbò, yóò dì í. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rí kó tó lọ kò lè ṣe é láti ọ̀hún.

Láti yí gbólóhùn yìí padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan ní Àbújá gbọ́dọ̀ gbà: 240 nínú 360 aṣojú-ṣòfin, àti 73 nínú 109 aṣòfin àgbà. Lẹ́yìn náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà yóò dé iwájú àwọn aṣòfin tó jókòó ní Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, ilé méjèèjì ní Àbújá kọ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, kò sì dé ìpínlẹ̀ kankan.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbà á, ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń pariwo fún un kì í sábà dáhùn: ibo ni wọn yóò ka ìbò náà sí? Ẹni tó fẹ́ di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Ẹni tó fẹ́ di gómìnà Oǹdó gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 12 nínú 18. Ìbò láti Manchester kò lè léfòó nínú afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ ní ìpínlẹ̀ kan àti ìjọba ìbílẹ̀ kan. Sẹ̀nẹ̀gàl gba ọ̀nà mìíràn ní ti ilé aṣòfin: wọ́n ya ìjókòó 15 sọ́tọ̀ fún àwọn tó wà lókè òkun. South Africa jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ dì í ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wọn, fún ìbò orílẹ̀-èdè nìkan. Lójú tiwa, ti South Africa ló bá wa mu jù láti fi bẹ̀rẹ̀: ìbò ààrẹ nìkan, ní ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà, kí a kà á sí ìpínlẹ̀ tí ẹni náà kọ sílẹ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tó wà ní Bìrìtìkó, ẹ má gbàgbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Nítorí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó péye lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò nínú ìbò tiwọn, títí kan ti ilé aṣòfin wọn. Ó lè béèrè pé kí wọ́n fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sílé òun. Ìwé ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ dé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù ní ọjọ́ iṣẹ́ 11 ṣáájú ìbò, ìwé ìdìbò tí ẹ bá tẹ̀ sì gbọ́dọ̀ padà dé kí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ ìdìbò tó kọjá. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń pàdánù rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí tó ń bá a rìn: ìbuwọ́lù àti ọjọ́ ìbí yín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ kọ nígbà tí ẹ ń béèrè mu. Ẹni tó kọ ọjọ́ òní sí ibi tí wọ́n ní kó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti sọ ìbò náà nù.

Irú ìbò ìfìwéránṣẹ́ yìí kọ́ ni kí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀. Ó nílò àdírẹ́sì tó dúró ṣinṣin, ilé púpọ̀ ní Àkúrẹ́ ni kò sì ní nọ́ńbà. Ó tún ń gbé ìwé ìdìbò jáde kúrò lójú òṣìṣẹ́ àti aṣojú ẹgbẹ́ wọ inú yàrá, níbi tí ẹni tó ń ra ìbò lè jókòó ti olùdìbò títí yóò fi tẹ̀ka. Faransé pa tirẹ̀ rẹ́ ní 1975 nítorí màgòmágó. Estonia ń dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2005, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ibẹ̀ ló ní káàdì ìdánimọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ìjọba sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti kọ́ ọ.

Bí ẹ bá rí àbá òfin tuntun kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, tàbí bí ẹ bá bá aṣojú yín pàdé, ẹ bi í bóyá àbá náà dárúkọ ọjọ́ tí ètò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Gánà ṣe òfin ìdìbò fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ní 2006. Wọ́n fi ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún àjọ elétò ìdìbò láti ṣe. Wọ́n dìbò gbogbogbòò ní 2008, 2012, 2016, 2020 àti 2024, kò sì sí ẹnì kankan tó lo òfin náà nínú ìkankan wọn.